Ilé Ta Ni Ọmọ Yìí? Ẹ̀kọ́ Ifá Lórí Oríṣiríṣi Ilé Tí À Ń Gbé Lónìí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Ẹ̀kọ́ yìí gùn díẹ̀, àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí awo nígbà náà, orí mi sì ń wú. Màmá àgbà kan wọlé tọ̀ mí wá ní kùtùkùtù. Ó ní ọmọ òun obìnrin bímọ lánàá, ọkùnrin ni, ọ̀la ni yóò pé ọjọ́ mẹ́ta, kí n wá bá wọn ṣe ẹsẹ̀ntáyé. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, bàbá ọmọ ńkọ́?" Wọ́n ní, "Kò sí, bàbá awo." Mo ní, "Ṣé ó kú ni?" Wọ́n ní, "Kò kú. Kò sí ni."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ lọ wá bàbá ọmọ náà rí, tàbí kí ẹ mú ẹnì kan wá láti ìdílé rẹ̀. Ọmọ kì í wá sáyé láìní ilé." Màmá wò mí. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ká aṣọ wọn mọ́ra, wọ́n sì lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo ròyìn rẹ̀ fún olúwo mi, mo rò pé wọn yóò yìn mí. Bàbá dákẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Kí ni Ifá wí sí i?" Mo ní mi ò tíì dá Ifá. Wọ́n ní, "Háà, ìwọ ti dáhùn kí Ifá tó sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ta ni à ń gbé sórí ọpọ́n níjọ́ ẹsẹ̀ntáyé? Ẹsẹ̀ ọmọ ni, àbí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ óò gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí tí a bá dé ìparí. Ìbéèrè bàbá yẹn ló jẹ́ kí n padà lọ ka ohun tí mo rò pé mo ti mọ̀: kí ni à ń pè ní ilé? Ta ni ọmọ ilé? Ṣé irú ilé kan ṣoṣo ni Ifá mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi gbà pé "ilé gidi ti Yorùbá" ni bàbá kan, ìyá kan, àti ọmọ mẹ́ta nínú ilé tí wọ́n mọ odi yí ká. Àwọn míì gbà pé ilé gidi ni bàbá kan àti ìyàwó mẹ́rin. Ẹ̀yà kan nínú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n mú, àtàwọn ti àkọ́kọ́ àtàwọn ti ìkejì. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa ní.

*Agbo ilé* ni àwọn yàrá tó yí àgbàlá ká, tí baálé sì jẹ́ olórí wọn. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni ará agbo ilé: ọmọ bíbí ibẹ̀, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọlé, ọmọ àgbàtọ́, àlejò tó wá ṣòwò tí kò padà sílé mọ́, àti ìwọ̀fà láyé ìgbà kan. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá tó kọ ìwádìí ńlá lórí àwùjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939, tí wọ́n wá tẹ̀ jáde ní ìwé ní Ìbàdàn lọ́dún 1970, ṣàlàyé agbo ilé yìí dáadáa.

*Ìdílé* yàtọ̀ sí i. Àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ babańlá kan náà ni ìdílé. Ibí ni ẹ ti máa rí ohun tó ń dààmú ọ̀pọ̀ ènìyàn: ìyàwó tó ti lo ogójì ọdún nínú agbo ilé kì í ṣe ọmọ ìdílé ibẹ̀, ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ tipẹ́ kò sì sí nínú agbo ilé mọ́, síbẹ̀ ọmọ ìdílé ni títí láé. Ibùgbé àti ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà, a ò sì pa wọ́n pọ̀ rí.

*Ẹbí* gbòòrò ju méjèèjì lọ. Ti ìyá wà nínú rẹ̀, ti bàbá wà nínú rẹ̀. *Ìyekan* ni ti ìhà ìyá, *ọbàkan* ni àwọn tí bàbá wọn jọ jẹ́ ọ̀kan tí ìyá wọn yàtọ̀. A mọ̀ pé ọmọ ìyá máa ń súnmọ́ra ju ọbàkan lọ, ìdí nìyẹn tí a fi fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀ nínú ilé olórogún kò tíì gbé inú rẹ̀ rí.

Ẹ tún wo *ọkọ*. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò ní ọkọ kan ṣoṣo. Gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé ni ọkọ rẹ̀, àti ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá lè jẹ́ ọkọ fún ìyàwó ẹni ogún ọdún, kí ìyàwó náà sì fún un lórúkọ àlàjẹ́ nítorí kò gbọ́dọ̀ pè é ní orúkọ àbísọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lókèèrè á ní kò yé òun. Àwa tó dàgbà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ipò ẹni nínú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Ṣé ẹ rí i? Èdè tó ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ báyìí fún ilé, irú ilé tó mọ̀ pọ̀ nìyẹn.

Ilé Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá sínú Ifá. Mi ò ní ki ẹsẹ níbí lónìí. Ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ rọ́ fún yín, kí ẹ lè lọ bá àwọn àgbà awo ládùúgbò yín kí wọ́n ki í fún yín bó ṣe yẹ.

*Àkọ́kọ́, Ìwòrì Méjì.* Bí wọ́n ṣe kọ́ mi, Ọ̀rúnmìlà kọ́kọ́ wà láìbímọ, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé kò lè bímọ mọ́. Nígbà tó yá ó bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di ọba àti ẹni ńlá. Alárá wà nínú wọn, Ajerò wà nínú wọn. Ẹni tó kéré jù ni Olówò. Lọ́jọ́ kan Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún, ó pe gbogbo ọmọ. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí bàbá wọn bó ṣe yẹ kí ọmọ kí bàbá. Ó kan Olówò, ó dúró gbagidi. Ó ní bí bàbá òun ṣe dé adé lòun náà dé adé, kí ló dé tóun máa fi tẹrí ba? Inú bí Ọ̀rúnmìlà. Ó kúrò láyé, ó gba ọ̀run lọ.

Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Òjò dáwọ́ dúró, àwọn aláboyún kò rí ọmọ bí, irè oko kò ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bẹ bàbá wọn nídìí ọ̀pẹ. Ọ̀rúnmìlà kò padà wálé. Ṣùgbọ́n ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, pé ohun tí wọ́n á máa bi léèrè nìyẹn tí wọ́n bá ń wá owó, tí wọ́n bá ń wá ọmọ, tí wọ́n bá ń wá ilé.

Ẹ̀yin ará mi, ikin tí mo ń pa lówùúrọ̀ yìí, ẹ̀rí bàbá tí kò sí nílé ni. Gbogbo àwa tí a ń dífá, ọmọ ilé tí bàbá ti lọ ni wá! Báwo wá ni èmi ṣe wo ojú Màmá yẹn tí mo ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé kò ní ilé?

Lónìí, ẹ wo iye bàbá àti ìyá tó ti já pa. Ọkọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó wà ní Ìbàdàn, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Òṣogbo. Lórí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn, lórí WhatsApp ni bàbá ti ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Wọ́n máa ń bi mí bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ ti fọ́. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n wo ohun tí Ọ̀rúnmìlà ṣe. Ó lọ, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́wọ́ òfo sílẹ̀. Ó fi ohun tí àwọn ọmọ lè máa bi léèrè lé wọn lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bàbá tó lọ sí òkè òkun, tó ń fi ohùn ránṣẹ́, tó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, tó mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀, ikin ló fi sílẹ̀. Èyí tó lọ tí fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, kó má fi Ọ̀rúnmìlà bojú o.

*Ìkejì, Ogbè Alárá.* Ibẹ̀ ni ìtàn Ìwà wà. Ìwà ni orúkọ ìyàwó Ọ̀rúnmìlà, ọmọ Sùúrù sì ni. Ọ̀rúnmìlà rí àléébù lára rẹ̀, ó lé e. Lẹ́yìn tó lọ tán ni ilé dá páropáro. Àwọn tó ń wá kí Ọ̀rúnmìlà kò wá mọ́, iyì rẹ̀ relẹ̀, ohun ọwọ́ rẹ̀ ń tán. Ó di aṣọ eégún bora, ó ń ti ojúde ọba kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá ìyàwó tó fọwọ́ ara rẹ̀ lé jáde.

A máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé ìwà lẹwà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì rẹ̀. Ifá kò bo àṣírí bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé Ọ̀rúnmìlà pàápàá dàrú rí. Ọkọ àti aya pínyà nínú ilé ẹni tí à ń pè ní ẹlẹ́rìí ìpín. Tí Ifá bá lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, kí ló dé tí àwa fi ń wo obìnrin tó kúrò nílé ọkọ bí ẹni tó ti kúrò nínú àwọn ènìyàn? Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ìtàn yìí, ẹni tó léni jáde ló ń rìn kiri, òun ló ń bẹ̀bẹ̀.

*Ìkẹta, ọ̀rọ̀ iye aya.* Ẹsẹ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í gbà gbọ́ pé Ifá ló ni ín. Ẹsẹ náà ka aya láti orí ẹyọ kan títí dé mẹ́wàá, ó sì ń sọ irú wàhálà tó wà nínú iye kọ̀ọ̀kan: owú, ẹ̀gàn, ìfọ̀rọ̀-wé-ọ̀rọ̀, títí ilé á fi tú. Ẹyọ kan ló ní ó dùn jù. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ló ń ti àwọn ọkùnrin sínú ìkóbìnrinjọ kò gbọ́ ẹsẹ yẹn rí. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ mìíràn kún inú Ifá tí Ọ̀rúnmìlà ti ní ju aya kan lọ, tó sì ń bá wọn gbé. Ifá rí ilé aláya kan, ó rí ilé olórogún, ó sì sọ adùn àti ìkorò ọ̀kọ̀ọ̀kan.

*Ìkẹrin, Ọ̀ṣẹ́ Túrá.* Òrìṣà mẹ́tàdínlógún ló ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wáyé. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Àwọn ọkùnrin ń ṣètò ayé, wọn ò pe Ọ̀ṣun sí i, wọn ò kà á kún. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé forí ṣánpọ́n. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, Olódùmarè sì bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún yín ńkọ́? Wọ́n padà wá bẹ Ọ̀ṣun. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ó ní tó bá jẹ́ ọkùnrin, á máa bá wọn jókòó níbi ètò wọn. Gbogbo wọn ló gbé àṣẹ sí oyún yẹn. Ọmọ tó bí ni Ọ̀ṣẹ́túrá.

Ẹni tí ẹ kò kà, òun ló lè tú ilé yín ká. Ìyá tó ń dá tọ́mọ, ìyá àgbà tó ń fi owó ẹ̀kọ pọ̀n ọmọ ọmọ, ẹ̀gbọ́n tó di bàbá fún àbúrò lẹ́yìn ikú òbí wọn, bí àwùjọ kò bá kà wọ́n kún ilé, ètò tí a ń ṣe kò ní dúró. Ẹ tún wo oyún Ọ̀ṣun: gbogbo òrìṣà ló fàṣẹ sí i. Tí ọmọ kan bá wà nínú, iṣẹ́ gbogbo agbo ni.

Ohun tó yí ilé padà láyé òde òní

Àwọn kan ní ọ̀làjú ló ba ilé jẹ́. Ẹnu kò sì yẹ kó yá wa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Lọ́dún 1884, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ìgbéyàwó jáde ní Èkó: ọkọ kan, aya kan, níwájú ìjọba. Láti ìgbà náà ni oríṣi ìgbéyàwó ti di méjì, mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan náà: ti àṣà, ti kóòtù, ti mùsùlùmí. Ọkùnrin kan á ṣe ìdána lónìí, á lọ fọwọ́ síwèé lọ́la, á sì tún ní ẹlòmíràn ní àdúgbò kejì. Nígbà tó bá kú ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde síta.

Ẹ wo ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Bàbá kan ní Èkó kú, ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Báwo ni wọ́n á ṣe pín ogún? Ọ̀nà méjì ni àṣà wa mọ̀. *Ìdí-igi*: ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, iye ìyá tó bímọ, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan lọ pín tiwọn. *Orí-òjòrí*: ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, iye orí ọmọ. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-òjòrí. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ yí i padà lọ́dún 1958, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà. Ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1962 wọ́n fọwọ́ sí ìdí-igi níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí ìdí-igi ń sọ. Orúkọ bàbá ló wà lára ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ pín in, ìyá ni wọ́n kà. Nínú ilé bàbá, igi tí ọmọ fara tì ni ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ibùgbé. Ìjọba Èkó ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tó ti ara eku wá jà nígboro. Lọ́dún 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn kó lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun ni, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Àmọ́ yàrá díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ fún bàbá, ìyá àti ọmọ. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìwé rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1961. Ó rí i pé àwọn tó ń rí ẹbí lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ kò rí wọn mọ́, owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n run, àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà sì pàdánù àwọn oníbàárà wọn. Àwọn àgbà tí ọmọ ń gbé oúnjẹ fún kọjá àgbàlá ti wá jìnnà.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ ọmọ ayé òde òní nìkan ló fọ́ agbo ilé. Katakata tó wó ilé wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, láńlọ́ọ̀dù tó ní òun kò gba ju ènìyàn mẹ́rin lọ sínú yàrá wà níbẹ̀. Ilé tí a lè rówó san ni ilé tí à ń gbé.

Ní ti ọmọ tí wọn kò bí sínú ìgbéyàwó, òfin ilẹ̀ wa ti sọ̀rọ̀. Abala 42 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní a kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun du ọmọ Nàìjíríà kankan nítorí ipò tí wọ́n bí i sí. Tí òfin ìjọba bá lè sọ bẹ́ẹ̀, awo wo ló tún ní kí ọmọ lọ mú bàbá wá kó tó fẹsẹ̀ tẹ ọpọ́n?

Ilé tí òrìṣà bí

Àpẹẹrẹ kan ṣì kù, òun ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, wọ́n ta ọkọ níhìn-ín, wọ́n ta aya lọ́hùn-ún, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Agbo ilé kò lè dúró, ìdílé sì já. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi òrìṣà kọ́ ilé mìíràn.

Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò wà níbẹ̀ di òní. Casa Branca ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Lọ́dún 1984 ni ìjọba Brazil gbà pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Láti inú rẹ̀ ni Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Aninha, ti jáde tó fi dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ lọ́dún 1910. Obìnrin ló ń darí ilé méjèèjì yìí láti ìran dé ìran. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn: olórí ilé ni ìyá, ìyálórìṣà. Àwọn tó ṣe òrìṣà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni wọ́n ń pè ní ìyàwó, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn tó jọ wọlé ìgbèrò pọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá nínú ọkọ̀ ojú omi kan náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tó jẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ìyá kan náà kì í fẹ́ ara wọn, bí ọmọ ìyá kì í ti í fẹ́ ara wọn. Vivaldo da Costa Lima, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bahia, kọ iṣẹ́ ńlá kan lórí irú ìdílé yìí lọ́dún 1977.

Ní Cuba náà, bàbá àti ìyá nínú òrìṣà wà, olùrànlọ́wọ́ wọn sì ni wọ́n ń pè ní *oyubona*. Ẹ pè é jáde dáadáa, ẹ óò gbọ́ ojùgbọ̀nà nínú rẹ̀.

Àwọn ẹni wọ̀nyẹn kò ní ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ẹlòmíràn wá láti Ọ̀yọ́, ẹlòmíràn láti Kétu, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá. Síbẹ̀ wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń tọ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń bọ́ arúgbó ara wọn. Tí kì í bá ṣe irú ilé yẹn, à bá ti máa wá orúkọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní Brazil tì. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò bí ọmọ sí ló gbé ẹ̀sìn àwọn baba wa dé òní.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a mú lọ

Ọ̀kan: tí ẹnì kan bá wá sídìí Ifá, ẹ má fi irú ilé tó ti wá dá a lẹ́jọ́ kí Ifá tó sọ̀rọ̀. Àwa kọ́ ni a ni ẹnu Ifá.

Èjì: ẹ má bèèrè pé, "Ta ni bàbá rẹ̀?" bí ẹni tó ń gbẹ́jọ́. Ẹ bèèrè pé, "Ta ló ń jí sí i lóru? Ta ló ń sanwó ilé ìwé rẹ̀? Ta ni yóò dúró fún un tí ẹbọ bá jáde?" Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ, òun ni ilé ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí iwájú.

Ẹ̀ta: mi ò sọ pé kí ẹni tó bímọ máa sá lọ. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn bímọ kó sì sọ ọ́ nù, kò sí ẹsẹ tó bo irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọ náà á ní ilé láìsí yín, ẹ̀yin lẹ ò ní ní ilé lọ́jọ́ alẹ́.

Ẹ̀rin: ìran ọmọ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń dá tọ́mọ, ẹ má fi oríkì dù ú. Tí ẹ bá mọ ti ìhà bàbá, ẹ sọ fún un, bí inú tilẹ̀ ń bí yín. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ti ìhà ìyá ń bẹ, oríkì ni òun náà. Ó tún yẹ kí ọmọ mọ èèwọ̀ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ kó má baà lọ fẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ láìmọ̀.

Àrún: ẹni tó ń gbé ilé olórogún, kó má fojú tẹ́ńbẹ́lú aláya kan. Aláya kan, kó má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyá tó ń dá gbé. Ìwà ni à ń wò nínú ilé. Tí Ìwà bá ti jáde, iye ènìyàn tó kù níbẹ̀ kò ní í sọ ọ́ di ilé.

Ẹ jẹ́ kí n wá parí ìtàn mi. Olúwo mi ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí ìgbéraga tó jẹ́ kí n lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá ọmọ jókòó lórí àpótí, ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ fún òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ dìde, sà. Ẹ ti ní ọmọ mi kò ní ilé. Ilé tó wà náà lẹ wà nínú rẹ̀ yìí." Kò gbà kí n ṣe é. Awo mìíràn ló bá wọn ṣe ẹsẹ̀ntáyé ọmọ náà, Màmá ló gbé e lọ́wọ́.

Ọmọ yẹn ti ga báyìí. Tó bá ń kọjá níwájú ilé mi, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Mi ò mọ odù tó jáde fún un. Mi ò sì lẹ́nu láti bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Ifá lọ́wọ́ báyìí, mo kọ eléyìí kí ẹ má baà ṣe irú rẹ̀. Kí Ifá jẹ́ kí ilé wa tù wá lára, bó ti wù kó rí. Kí ẹni tó lọ má gbàgbé ẹni tó wà nílé. Kí ẹni tó dá nìkan wà rí ẹni tí yóò dúró tì í. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.